Oníbàárà Tí Ìbàdí Rẹ̀ Jẹ́ Òdo

Mo ṣe ètò kọ̀ǹpútà fún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń ránṣọ ní ọjà Tejúoṣó, kó lè máa fi ìwọ̀n àwọn oníbàárà pamọ́. Ìwà ọ̀lẹ ni mo hù: mo di ètò náà àti ìdánwò tí mo fi ń yẹ̀ ẹ́ wò pọ̀ sínú fáìlì kan ṣoṣo. Bí ẹ̀gbọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́, ìdánwò ló kọ́kọ́ ṣiṣẹ́. Ó gbá ìwọ̀n gbogbo oníbàárà tó ti kọ síbẹ̀ dànù, ó fi ti àwọn ẹni àròsọ tí mo fi ń dán ètò náà wò rọ́pò. Iléyá sì ku ọjọ́ mẹ́rin!

"Ta ni ìbàdí rẹ̀ jẹ́ òdo yìí? Ṣé iwin ni mo fẹ́ ránṣọ fún?"

"Ẹ̀gbọ́n, ìdánwò ni."

"Kó wá bá mi ránṣọ nígbà náà!"

Èmi náà ni mo pe àwọn oníbàárà padà, tí mo ń fi bírò kọ ìwọ̀n wọn.