Ìbọn Kékeré àti Ìka Àǹtí

Ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Yaba ni mo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tíṣà, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Bàọ́lọ́jì ni wọ́n gbà mí láti máa kọ́ àwọn ọmọ, ṣùgbọ́n torí pé èmi ni mo kéré jù nínú àwọn tíṣà obìnrin, tí wọ́n sì rí i pé mo fẹ́ràn bàtà kánfáàsì, wọ́n ní kí n máa ran Àǹtí lọ́wọ́ nídìí eré ìdárayá.

Àǹtí ni gbogbo iléèwé ń pè wọ́n, látorí pírínsípà dé orí ẹni tó ń ṣọ́ géètì. Wọ́n ti lé ní àádọ́ta ọdún nígbà náà. Wọ́n ga, wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n sì máa ń yára rìn bíi pé ẹnì kan ń dúró dè wọ́n níwájú. Nígbà ọ̀dọ́ wọn, wọ́n sáré fún ìpínlẹ̀. Nígbà tí ẹsẹ̀ ò gbé e mọ́, wọ́n di ẹni tó ń yin ìbọn tí àwọn ọmọ fi ń gbéra sáré. Kì í sì í ṣe níléèwé tiwa nìkan. Bí àwọn iléèwé Surulere tàbí Mushin bá fẹ́ ṣe ìntahaosì, ìyẹn ìdíje eré sísá ọdọọdún láàárín àwọn ilé tí wọ́n pín àwọn ọmọ iléèwé sí, Àǹtí ni wọ́n máa ń wá bẹ̀.

Ìbọn yẹn kì í ṣe èyí tó ń pani. Ariwo àti èéfín nìkan ló ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Èyí tí Àǹtí ti ń lò láti ọjọ́ pípẹ́ tóbi, ó sì wúwo bí ọmọ ọlọ. Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, ó bàjẹ́ pátápátá, kò dún mọ́. Pírínsípà bá ní kí ẹbí wọn kan tó ń bọ̀ láti òkè òkun bá wa ra tuntun. Èyí tó dé kéré, ó dúdú, ó ń dán, ó sì wọ àtẹ́lẹwọ́ bí ọṣẹ ìwẹ̀. Gbogbo wa ló yọ̀ mọ́ ọn. Àǹtí gbé e yẹ̀ wò, wọ́n ní, "Ó rẹwà. Ó kéré bí ohun ìṣeré."

Kò pẹ́ tí a fi mọ̀ pé kíkéré yẹn gan-an ni wàhálà rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ gbé e lọ sí pápá, àwọn ọmọ tó fẹ́ sá ọgọ́rùn-ún mítà ti tò. Àǹtí gbé ọwọ́ sókè. "Ọn yọ máàkì," ni wọ́n wí. Àwọn ọmọ kúnlẹ̀. "Sẹ́ẹ̀tì." Àwọn ọmọ gbé ìdí sókè, wọ́n di èémí mú. Ìbọn ò dún. Mo wo ọwọ́ Àǹtí. Ìka wọn wà lórí tírígà, irin kékeré tí èèyàn ń fà kí ìbọn tó dún, ṣùgbọ́n irin náà ò wá. Ọmọ kan ti ṣubú síwájú, òmíràn ti sá lọ. Nígbà tí ìbọn máa fi dún, kò sẹ́ni tó ń retí rẹ̀ mọ́.

A tún un ṣe, bákan náà ló rí. Nígbà tó tún ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, àwọn ọmọ tó jókòó sábẹ́ igi bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Tíṣà ọkùnrin tó ń kọ́ wọn ní jọ́gíráfì rìn wá, ó na ọwọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Àǹtí, ẹ jẹ́ kí n bá yín fà á," ó ní.

Mo mọ̀ pé inú ire ló fi sọ ọ́. Àǹtí náà mọ̀. Wọ́n gbé ìbọn náà lé e lọ́wọ́, wọ́n kọrí sí yàrá àwọn tíṣà, wọn ò wẹ̀yìn.

Mo tẹ̀ lé wọn. Nígbà tí mo wọlé, wọ́n ti jókòó, wọ́n ki ọwọ́ ọ̀tún bọ abẹ́ apá òsì bí ẹni tí òtútù ń mú. Mo bi wọ́n pé kí ló dé. Wọ́n kọ́kọ́ ní kò sí nǹkan. Ẹ̀yìn náà ni wọ́n na ọwọ́ sí mi. Oríkèé ìka tí wọ́n fi ń fa tírígà ti wú, ó sì pọ́n.

"Ó ti pẹ́," wọ́n ní. "Àárọ̀ ló máa ń le jù. Mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni."

"Ọkọ yín ńkọ́, Àǹtí?"

"Mo ní ẹnikẹ́ni."

Nígbà tí àwọn ọmọ ti lọ sílé, tíṣà jọ́gíráfì gbé ìbọn náà wá, ó ti yọ gbogbo ohun tó ń dún nínú rẹ̀. Ó ní òun fẹ́ kí Àǹtí mọ̀ pé ó le lọ́wọ́ òun náà. A bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á lọ́wọ́ ara wa, a ń fà á wò. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ ohun tí Àǹtí ń bá jà. Ìdí ìbọn náà kúrú débi pé ọmọńdinrín mi ò rí nǹkan dì mú, òfìfo ló wà nísàlẹ̀. Bí mo bá wá fa tírígà, gbogbo ìbọn náà á yí lọ́wọ́ mi bí ẹja òòyẹ̀. Irin tírígà yẹn tín-ín-rín, ó ń gún ìka. Òrùka irin tó yí i ká sì há, oríkèé tó wú bíi ti Àǹtí á máa há mọ́ ọn kó tó wọlé.

Tíṣà jọ́gíráfì ló rí i pé bí èèyàn bá kọ́kọ́ fi àtàǹpàkò fa orí kékeré tó wà lẹ́yìn ìbọn náà sẹ́yìn, tírígà á sún mọ́ ìka, á sì fúyẹ́. Inú wa dùn. Àmọ́ nígbà tí a padà sí pápá lọ́jọ́ kejì, Àǹtí ò tíì sọ pé "sẹ́ẹ̀tì" tí ìbọn fi dún. Ìka wọn kàn fara kàn án ni. Ọmọbìnrin kan tó kúnlẹ̀ nítòsí bú sẹ́kún. Àǹtí lọ gbá a mọ́ra títí ó fi dákẹ́, wọ́n wá dá ìbọn padà fún mi.

"Èyí náà ti fúyẹ́ jù," wọ́n ní. "Mi ò lè máa dẹ́rù ba ọmọ ọlọ́mọ."

Mo bá wọn gbé báàgì délé lọ́jọ́ yẹn, ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó. Alágbẹ̀dẹ wúrà ni ọkọ wọn, Mushin ni ìsọ̀ wọn wà. Àlàájì ni gbogbo èèyàn ń pè wọ́n. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun alásárì tán nígbà tí a dé.

"Tíṣà, káàbọ̀," ni Àlàájì wí fún ìyàwó wọn. Wọ́n kí èmi náà. "Ìbọn tuntun yẹn ńkọ́?"

"Ó wà dáadáa," ni Àǹtí dáhùn. Wọ́n ti ń lọ sí ilé ìdáná. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n wò mí, wọ́n padà wá jókòó. "Irọ́ ni mo pa. Kò dáa. Ìka mi ò lè fà á."

Àlàájì gba ọwọ́ náà, wọ́n yí i sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ wà, wọ́n ń fọwọ́ kan oríkèé kọ̀ọ̀kan bí ìgbà tí wọ́n ń yẹ ẹ̀gbà ọwọ́ oníbàárà wò.

"Láti ìgbà wo?"

"Ó pẹ́ díẹ̀."

"Orí ibùsùn kan náà la jọ ń sùn, Tíṣà."

"Mo mọ̀. Ẹ máa ní kí n fiṣẹ́ sílẹ̀ ni."

"Ǹ bá sọ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́," ni Àlàájì wí. Wọn ò fi ọwọ́ náà sílẹ̀. "Ṣé o fẹ́ fi í sílẹ̀?"

"Rárá. Ó kéré tán, kì í ṣe báyìí."

"Ó dáa. Níbo ni ìbọn náà wà?"

Inú kọ́bọ́ọ̀dù pírínsípà ló wà. Ayé sọ́jà ni, kò sẹ́ni tó máa gbé ohun tó jọ ìbọn gba Ojú Ẹlẹ́gbà kọjá. Àlàájì ló wá bá a níléèwé, wọ́n gbé irinṣẹ́ wọn sínú àpò kékeré kan. Wọ́n lẹ ìda oyin tó rọ̀ mọ́ ojú tírígà, wọ́n ní kí Àǹtí fà á bó ṣe máa ń fà á. Ìka Àǹtí fi àpá rẹ̀ sára ìda náà.

"Oríkèé lo fi ń fà á," Àlàájì wí. "Gbìyànjú ibi tó rọ̀ lórí ìka. Má sì na apá tán, tẹ ìgúnpá díẹ̀."

Àǹtí ní, "Mo ti ń yìnbọn kí n tó mọ̀ yín o."

"Tírígà òde òní ò mọ ìyẹn."

Àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, pẹ̀lú tíṣà jọ́gíráfì tó wá wò wá, rẹ́rìn-ín. Àlàájì mú ìda náà lọ sí Mushin, wọ́n sì padà wá pẹ̀lú idẹ pẹlẹbẹ kan tó tẹ̀ kòrókòró bí ìka Àǹtí ṣe tẹ̀. Wọ́n dè é mọ́ ojú tírígà, ó wá fẹ̀, kò gún ìka mọ́. Wọ́n fi fáìlì tí wọ́n fi ń rẹ́ irin mú inú òrùka irin náà dán kó má máa ha oríkèé. Wọ́n gé rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́, wọ́n fi wé ìdí ìbọn títí ó fi kún ọwọ́, tí ọmọńdinrín náà fi ríbi dúró. Wọn ò fọwọ́ kan sípíríǹgì rárá, torí Àǹtí ti kìlọ̀ pé òun ò fẹ́ kó fúyẹ́.

Tírígà ṣì le. Mo fà á wò fúnra mi. Ṣùgbọ́n líle rẹ̀ ti tàn kálẹ̀ lórí ìka, kò dúró sójú kan mọ́.

Ọjọ́ ìntahaosì, Àǹtí wọ aṣọ funfun àti fìlà. Wọ́n gbé ọwọ́ sókè, wọ́n ní "sẹ́ẹ̀tì", ìbọn sì dún lásìkò. Àwọn ọmọ gbéra papọ̀. Báyìí ni wọ́n ṣe é látàárọ̀. Nígbà tó di ọ̀sán, mo rí i pé wọ́n ti ń na ọwọ́, wọ́n ń ká a, lẹ́yìn eré kọ̀ọ̀kan. Ó wá ku eré àṣekágbá, èyí tí àwọn ọmọ ti ń gba igi lọ́wọ́ ara wọn. Àǹtí yíjú, wọ́n pe tíṣà jọ́gíráfì.

"Wá gba eléyìí," wọ́n ní. "Má wo ìbọn o. Ọrùn àwọn ọmọ ni kí o máa wò. Bí gbogbo wọn bá ti dúró jẹ́ẹ́, fà á."

Ó fà á. Ariwo náà ba òun alára lẹ́rù, àmọ́ eré náà gbéra dáadáa. Àǹtí bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ níwájú gbogbo iléèwé, ọwọ́ òsì ni wọ́n sì fi bọ̀ ọ́, wọ́n ní kó má bínú, ọ̀tún ń sinmi.

Tíṣà jọ́gíráfì ló yin ìbọn lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Àǹtí ló sì yàn án. Ìka rẹ̀ tóbi jù fún idẹ náà, nítorí náà Àlàájì wá tú u kúrò láàárọ̀ ọjọ́ ìntahaosì. Wọn ò padà sí ìsọ̀ wọn ní Mushin lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n jókòó ti Àǹtí lábẹ́ agbòòrùn nídìí ìlà ìparí, wọ́n ń bi mí pé ilé wo ló wọ aṣọ yẹ́lò. Wọ́n ní láti ìgbà tí àwọn ti fẹ́ra, òun ò tíì wo eré sísá rí, torí ọjọ́ Sátidé ni oníbàárà máa ń pọ̀ jù. Àǹtí ò gbọ́. Wọ́n ti dìde, wọ́n ń sọ fún ọmọ tó wà lẹ́yìn pátápátá pé kó gbé orúnkún sókè.