Ọkọ̀ Ìgbòkun Inú Àgbàlá Wa

Òórùn ọ̀dà àti pákó tútù ni mo fi ń rántí ọdún tí ọkọ mi fi tírélà gbé ọkọ̀ ìgbòkun àlòkù kan wọ àgbàlá wa ní Àkúrẹ́. Àwọn ọlọ́kadà tó ń lọ sí Oda ń dúró béèrè bóyá ìkún omi Nóà tún ń bọ̀. Olùkọ́ yunifásítì ni ọkọ mi, ó fẹ́ gba ojú òkun dé Gánà. Nígbà tí mo sunkún pé mi ò fẹ́ di opó, ó ṣèlérí pé òun ò ní gbéra títí èmi fúnra mi yóò fi sọ pé ọkọ̀ náà tó gbé lọ sójú òkun. Èmi ọmọ Oǹdó, tí n kò tíì rí omi tó ju odò lọ!

Mo wọ inú ọkọ̀ bí ẹni tó ń wá ilé rẹ́ǹtì. Mo tẹ ibùsùn wò, mo yin fèrèsé gbàǹgbà àti pálọ̀ fífẹ̀. Mo ní, “Dádì, ó dáa. Ẹ máa lọ.” Inú rẹ̀ dùn débi pé ó gbàgbé oúnjẹ ọ̀sán.

Kò pẹ́ tí òjò alátẹ́gùn fi ká wa mọ́ inú ọkọ̀ náà. Fèrèsé tí mo yìn ń gbọ̀n, omi ń gbabẹ̀ dà sórí ibùsùn. Ní ẹ̀yìn ọkọ̀, níbi tí awakọ̀ ń jókòó, omi kún bíi báàfù, torí ihò tó yẹ kó gbà jáde kéré. Ẹsẹ̀ mi yọ̀ nínú pálọ̀, n kò rí nǹkan dì mú, orí ilẹ̀ Àkúrẹ́ la sì wà o!

“Dádì, ẹ má wo ọ̀rọ̀ tí mo sọ o. Ẹ ò lọ mọ́.”

Kò bá mi jiyàn. “Kí la máa wá ṣe sí i?”

A dín fèrèsé kù, a lu ihò ńlá sẹ́yìn kí omi lè máa gbabẹ̀ jáde, a kan ọ̀pá ìdìmú káàkiri. Pálọ̀ mi di tóóró, mo sì bínú díẹ̀. Nígbà tí òjò ńlá tún dé, a jókòó sínú rẹ̀, ibùsùn gbẹ.

“Ṣé kí n máa lọ?”

“Ó ku láìfù jákẹ́ẹ̀tì kan.”

“Mo ti ní tèmi.”

“Tèmi ni mò ń sọ.”

Ọkọ̀ wa ti wà lórí omi l'Ékòó báyìí, a ń retí ojú ọjọ́ tó dáa. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí, mi ò ní parọ́. Ṣùgbọ́n mo ti wá mọ ìdí tí mo fi tètè ní kó máa lọ nígbà àkọ́kọ́: n kò tíì ka ara mi mọ́ èrò ọkọ̀.