Sùtánà Tí Mo Rán De Ọmọ Mi

Nínú kọ́bọ́ọ̀dù yàrá mi ní Upney nílùú òyìnbó níbí, sùtánà funfun tò síbẹ̀ lóríṣiríṣi gígùn. Ẹnì kan ṣoṣo ni mo rán gbogbo wọn fún, ẹni náà sì wà níbi tó jìnnà, ó ń sáré lórí pápá. Èyí tó kéré jù kò lè dé ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ báyìí. Èyí tó gùn jù nìkan ló wọ̀ rí, ẹ̀ẹ̀kan péré. Ọkọ mi ní kí n fi ìyókù tọrẹ, mo ní kó kọ́kọ́ fi àwọn ẹ̀wù tirẹ̀ tí kò gba ikùn rẹ̀ mọ́ tọrẹ ná. Ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀.

Àbíkẹ́yìn wa ni, agbábọ́ọ̀lù sì ni. Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn o, kì í ṣe eré. Inú ìjọ Aládùúrà ni mo bí i sí, àwa aláṣọ funfun tí à ń bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà kí a tó wọlé. Kó tó mọ̀wé kà ló ti ń bá wọn tan àbẹ́là nídìí pẹpẹ. Èmi ni mò ń rán aṣọ fún ìdajì ìjọ náà, nítorí náà kò sí ọdún tí kì í wọ tuntun.

Bọ́ọ̀lù ló wá gbà á lọ́wọ́ mi. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà tí ọkùnrin kan tó ń wá ọmọ fún ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù ńlá kan rí i ní Barking Park, tó sì bèèrè pé ta ni bàbá rẹ̀. Àṣé ọjọ́ Àìkú làwọn ọmọdé tó wà lábẹ́ ẹgbẹ́ ńlá máa ń figagbága. Mo jà. Mo ní ilé Ọlọ́run ni ọmọ mi ń lọ lọ́jọ́ Àìkú. Ọkọ mi, tó jẹ́ pé bọ́ọ̀lù ni ìjọ tirẹ̀, ní, "Ìyá ọmọ mi, ta ló fún un lẹ́sẹ̀ yẹn? Ṣé èmi ni?" Kí n tó fèsì, ọmọ náà ti dọ̀bálẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì.

"Mummy, ẹ jọ̀ọ́. The day I go pro, màá wọ aṣọ funfun, màá ṣe thanksgiving. I promise."

Mo bi í bóyá ó mọ̀ pé ẹ̀jẹ́ ni wọ́n ń pe ìyẹn. Ó ní òun mọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, kí ló mọ̀?

Nígbà tó pé ọdún mẹ́rìndínlógún, ẹgbẹ́ náà mú un lọ sí ìlú mìíràn, sọ́dọ̀ ìyá òyìnbó kan tó ń gba irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ sílé. Obìnrin dáadáa ni, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Àmọ́ lọ́jọ́ tó sọ fún mi lórí fóònù pé ọmọ mi fẹ́ràn ọbẹ̀ òun, mo gbé fóònù sílẹ̀, mo sunkún. Dòdò tó jóná díẹ̀ létí lọmọ mi fẹ́ràn. Ta ni yóò dín in fún un níbẹ̀?

Ó di ọmọ ọdún méjìdínlógún, ó fọwọ́ síwèé, ó di agbábọ́ọ̀lù tó ń gbowó oṣù. Mo ti rán sùtánà sílẹ̀ dè é. Mo pè é.

"Mummy, Sunday yìí ò lè work. A ní recovery."

"Recovery wo? Ṣé ara rẹ ò yá ni?"

"No, Mummy. Lẹ́yìn match, a gbọ́dọ̀ sinmi ni."

"Ilé Ọlọ́run náà, ìsinmi kọ́?"

Ó rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n ní kó lọ máa bá ẹgbẹ́ kékeré kan gbá létí òkun, kó lè gbó dáadáa kó tó padà. Ibẹ̀ tún wá jìnnà ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó sì ń ga sí i, sùtánà àkọ́kọ́ ti kúrú. Báwo ni mo ṣe fẹ́ wọn ẹni tí kò sí nílé? Tẹlifíṣọ̀n ni mo fi wọ̀n ọ́n. Bó bá ti dúró ti òpó gọ́ọ̀lù, màá fi gíga òpó yẹn díwọ̀n rẹ̀ láti èjìká dé ọrùn ẹsẹ̀. Ọkọ mi á máa pariwo pé, "Shoot! Shoot!" Èmi á ní, "Apá rẹ̀ ti gùn sí i." Bí mo ṣe rán èkejì nìyẹn, àti àwọn tó tẹ̀ lé e.

Nínú ìjọ, Ìyá Agbábọ́ọ̀lù ni wọ́n ń pè mí. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Nàìjíríà dé, tí wọ́n ń tọ́jú arúgbó káàkiri Dagenham, a máa bi mí pé, "Mummy, ìgbà wo la máa rí star wa?" Màá ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀kan nínú wọn tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ ní, "Mummy, àbí ọmọ yìí ò sí ni?" Mo ní bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba. Àmọ́ nígbà tí mo délé, mo gbé sùtánà rẹ̀ sí imú. Òórùn aṣọ tuntun lásán ni. Àárò ọmọ mi sọ mí gan-an lọ́jọ́ yẹn.

Gbogbo ọjọ́ Àìkú ni màá tan àbẹ́là, tí màá ní, "Ọlọ́run, mú ọmọ mi wá sílé. Jẹ́ kó dúró tì mí níwájú rẹ nínú aṣọ funfun." Bí mo ṣe ń gba àdúrà náà nìyẹn. Mi ò sọ bí yóò ṣe wá.

Ẹgbẹ́ ńlá pè é padà, wọ́n ní ó ti tó bá àwọn àgbà gbá. Ní Sátidé kan, wọ́n mú un wọlé. Ó sáré, ó fò sókè sí bọ́ọ̀lù, ó balẹ̀, kò dìde. Ọkọ mi tó ń pariwo sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Bí wọ́n ṣe ń gbé e jáde ló fọwọ́ bojú, mo sì mọ̀ pé ẹkún ló ń sun. Egungun ọrùn ẹsẹ̀ ló dá.

Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, wọ́n ní kó lọ sinmi nílé fúngbà díẹ̀. Bí ọmọ mi ṣe padà sí Upney nìyẹn, pẹ̀lú ọ̀pá méjì lábíyá àti bàtà oníke ràgàjì kan tí dókítà fi de ẹsẹ̀ rẹ̀, tó gùn dé orúnkún. Bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ àtijọ́ kò gba ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́. Mo dín dòdò. Mò ń gbọ́ ikọ́ rẹ̀ láti yàrá kejì. Ká sòótọ́, inú mi dùn. Inú mi dùn débi pé mò ń kọrin nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ mi, ojú sì ń tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́.

Òun ò kọrin. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ló máa ń jókòó sí, táá máa wo àwọn ọmọ tó ń gbé bọ́ọ̀lù lọ sí Barking Park. Dòdò á tutù níwájú rẹ̀.

"Mummy, what if they let me go?"

"Ọlọ́run ò ní jẹ́."

"But what if? Mi ò mọ nǹkan míì ṣe o, Mummy."

Mo wojú rẹ̀. Bí mo ṣe ń ṣàárò rẹ̀ láti gbogbo ọdún wọ̀nyí wá, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ lòun ń ṣàárò pápá.

Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú kan, òun fúnra rẹ̀ ló bèèrè pé, "Mummy, sùtánà yẹn dà?" Mo mú èyí tó gùn jù wá. Ó bá a mu wẹ́kú, láti èjìká dé ilẹ̀.

"Báwo lẹ ṣe mọ size mi?"

Mo ní òpó gọ́ọ̀lù ló sọ fún mi.

Lẹ́nu ọ̀nà ilé ìjọsìn, ó bọ́ bàtà ẹsẹ̀ kan. Ti èkejì kò ṣeé bọ́. Ó dúró síbẹ̀, ó ń wò mí bí ìgbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án. Bàbá tó ń darí ìjọ wa kì í gba gbẹ̀rẹ́, mo ti rí i tó dá ẹni tó wọ ìbọ̀sẹ̀ lásán padà. Ó wo bàtà oníke náà títí.

"Wọlé, ọmọ mi," ó ní. "Rọra o."

Nígbà tó tó àsìkò ọpẹ́, wọ́n pè wá síwájú. Àwọn akọrin ti gbé orin, ẹlẹ́nu mímú ọjọ́sí ń na ọrùn. Bàbá bèèrè pé, "Ìyá, kí ni ká bá yín dúpẹ́ lé lórí?"

Ó yẹ kí n mọ̀ ọ́n sọ, ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń to ọ̀rọ̀ náà. Ohun tí mo tọrọ gan-an ló dúró tì mí yìí, nínú aṣọ tí mo fọwọ́ ara mi rán. Mo rí i tó ń wo bàtà oníke náà. Mo kúnlẹ̀.

"Ọlọ́run, ọmọ mi wá. O ṣeun. Jọ̀ọ́, wo ẹsẹ̀ rẹ̀ sàn, kó tún lọ."

Kí ìjọ tó lanu, ọmọ mi ti ṣe Àmín.