Apá Kejì Lára Kóòtù Bàbá Mi

Bàbá mi wà lára àwọn tó kọ́kọ́ wọṣẹ́ ológun òfuurufú. Báàjì alápá méjì, bí apá ẹyẹ, ni ti awakọ̀ òfuurufú. Iṣẹ́ ti bàbá mi ni kó jókòó ti awakọ̀, kó máa wo máàpù, kó máa júwe ọ̀nà. Alápá kan ni wọ́n ń fún àwọn irú rẹ̀, òun ló wà láyà kóòtù ológun rẹ̀.

Ó pẹ́ tí kóòtù náà ti wà nínú àpótí. Lọ́dún yìí tí wọ́n pe bàbá mi síbi ìrántí àwọn ajagun ní Kábà, ìyá mi, ahunṣọ ọmọ Bùnú, gbé e jáde. Ó ní eku ti jẹ apá kejì, pé ẹyẹ kì í fapá kan fò. Ló bá fi òwú rán òmíràn sí i.

Inú bí mi. Ta ní ń fi abẹ́rẹ́ joyè ológun? Mo ní kí n tú u, bàbá mi gbà á lọ́wọ́ mi, ó wọ̀ ọ́.

Ní pápá, ọ̀gá ológun kan, ọmọ ilẹ̀ wa, tẹjú mọ́ báàjì náà, ó kí bàbá mi bí a ṣe ń kíra nílé wa.

“Òkun o, Bàbá. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń gba apá kan. Kí lẹ ṣe tẹ́ ẹ fi gba ìkejì?”

Bàbá mi wo ibi tí ìyá mi jókòó sí.

“Mo padà wálé ni.”