Ilé Tí Wọ́n Ń Tún Ṣe Dè Mí

Kí ẹnikẹ́ni má bá mi sọ̀rọ̀ sùúrù lórí ọ̀rọ̀ ṣáláńgá. Mo ti lé ní àádọ́rin ọdún dáadáa. Ọkàn mi ò lágbára mọ́ láti ti ẹ̀jẹ̀ káàkiri, omi ń gbá jọ sí mi lẹ́sẹ̀, oògùn tí wọ́n sì fún mi láti fa omi náà jáde ò mọ àgbà yàtọ̀ sí ọmọdé. Tí mo bá ti gbé e mì láàárọ̀, kí n tó fọ abọ́ ẹ̀kọ mi tán, ó ti lé mi dìde. N ó lọ, n ó bọ̀, kí ìdí mi tó kan àga, mo tún gbọ́dọ̀ lọ.

Àpáta ló yí ilé wa ká. Ẹsẹ̀ òkè ni à ń gbé ní Ìdáàṣà, ilẹ̀ ibẹ̀ kì í sì í gba ọkọ́ níbi tó bá wu èèyàn. Ibi kan ṣoṣo tí olóògbé ọkọ mi rí gbẹ́ ṣáláńgá sí ni orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lẹ́yìn ilé, níbi tí erùpẹ̀ ti jinlẹ̀ díẹ̀. Nígbà tí mo ṣì ń kó iṣu lọ sí ọjà Glazoué, mi ò ka ibẹ̀ sí ìrìn rárá. Ní báyìí, ẹ̀ẹ̀mejì ni mò ń sinmi kí n tó débẹ̀, tí mò ń mí hẹlẹhẹlẹ bí ajá tó sáré. Màá jókòó sórí òkúta láàárín ọ̀nà, màá máa gbọ́ bí àyà mi ṣe ń lù, màá sì bú ọkọ mi díẹ̀. Kí Ọlọ́run dárí jì mí.

Nítorí ìrìn yẹn ni mo ṣe hùwà òmùgọ̀ kan. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fo oògùn. Mi ò ní lò ó lọ́jọ́ Àìkú nítorí Misa, mi ò ní lò ó lọ́jọ́ ọjà, mi ò sì ní lò ó tí òjò bá rọ̀ tí àpáta ń yọ̀. Ẹsẹ̀ mi wú títí bàtà kankan ò fi wọ̀ ọ́ mọ́. Wọ́n gbé mi lọ sílé ìwòsàn lẹ́ẹ̀mejì láàárín oṣù díẹ̀. Nọ́ọ̀sì bi mí bóyá mò ń lo oògùn mi déédéé, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Irọ́ ni mo pa. Ojú ló tì mí láti sọ fún ọmọdébìnrin yẹn pé ọ̀nà ṣáláńgá ló fẹ́ pa mí.

Kì í ṣe pé mi ò bẹ èèyàn. Àkọ́bí mi ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Kútọnu, èèyàn ńlá ni. Ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi bẹ̀ ẹ́ pé kó bá mi kọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kékeré kan sí ẹ̀gbẹ́ yàrá mi, kí wọ́n fi símẹ́ńtì mọ ihò rẹ̀ sókè bí ilẹ̀ ò bá gbà. Ìdáhùn kan náà ló ń fún mi lórí fóònù: “A ó rí i, Mamá. Ẹ ṣáà máa gbàdúrà.” Mo gbàdúrà títí, mi ò rí bíríkì kan.

Lẹ́yìn tí mo ti ilé ìwòsàn dé lẹ́ẹ̀kejì, kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí mọlémọlé fi dé tòun ti yanrìn ọkọ̀ kan. Wọ́n rẹ́ ògiri, wọ́n kùn ún. Wọ́n fi kàrò tó ń dán bíi dígí tẹ́ ilẹ̀ pálọ̀. Wọ́n yọ ilẹ̀kùn àgbàlá àtijọ́, wọ́n fi géètì onírin ńlá sí i. Lẹ́yìn náà wọ́n kọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ oníyàrá méjì, funfun báláú, sí ẹ̀gbẹ́ yàrá mi gan-an. Ìṣísẹ̀ mẹ́fà ni láti ibùsùn mi, mo kà á.

Mo súre fún ọmọ yẹn títí ẹnu fi ń ro mí. Lẹ́yìn Misa, mo kó àwọn obìnrin ẹgbẹ́ wa wá sílé pé kí wọ́n wá wo ohun tí ọmọ ń ṣe fún ìyá. Wọ́n wò ó. Àwọn kan nínú wọn wojú ara wọn, èmi rò pé ìlara ni.

Ọjọ́ tí wọ́n ń tẹ́ àgbàlá ni àṣírí tú. Ọ̀gá mọlémọlé, ọkùnrin oníwà pẹ̀lẹ́ kan láti Tré, bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú mi.

“Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ká gé igi máńgòrò yìí? Ọ̀gá tó wà ní Kútọnu ní báàṣì mẹ́rin gbọ́dọ̀ gba inú àgbàlá.”

“Báàṣì kí ni?”

“Aṣọ ńlá tí wọ́n ń ta sókè, kí òòrùn má pa àlejò.”

“Àlejò wo?”

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ha símẹ́ńtì kúrò lára ọwọ́ rẹ̀. Mo ní géètì yẹn ńkọ́, kí ló dé tó fi fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ó ní kí ọkọ̀ lè fi ẹ̀yìn wọlé ni.

“Ọkọ̀ wo ló ń fi ẹ̀yìn wọlé?”

Ó ní símẹ́ńtì òun ń gbẹ, ó sì yára lọ.

Kò sẹ́ni tó dàgbà sí ìlú wa tí kò mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Tí ọmọ bá ti di ẹni ńlá, tí ara ìyá ò sì yá, wọn á kọ́kọ́ tún ilé ṣe, kí àwọn ará ibi iṣẹ́ tó ń bọ̀ wá sìnkú má baà rí irú ibi tí ìyá ọ̀gá ń gbé. Mo ti rí i nílé ẹlòmíì, mo sì ti fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ rí. Nígbà tó dé ilé tèmi, àdúrà ni mo ń ṣe lé e lórí. Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín.

Nígbà tí iṣẹ́ parí, wọ́n ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ náà pa, wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ ránṣẹ́ sí Kútọnu. Mo pe ọmọ mi.

“Mamá, ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀ ná. Kó má baà dọ̀tí ṣáájú ọjọ́ náà.”

“Ọjọ́ wo?”

“Mamá, wọ́n ń dúró dè mí nípàdé.”

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn funfun yẹn láràárọ̀, tí mò ń gun òkè lọ sí ṣáláńgá ọkọ mi. Títí di àárọ̀ ọjọ́ kan tí oògùn lé mi dìde, tí mo sì mọ̀ pé mi ò lè débẹ̀. Mo di ọwọ́ ilẹ̀kùn náà mú, mo ń fà á. Ibẹ̀ ni ìtọ̀ ti bọ́ lára mi, ó ṣàn gba ẹsẹ̀ mi tó wú, ó ṣàn sórí kàrò tuntun tí wọ́n tẹ́ síwájú rẹ̀. Èmi, ìyá ọmọ márùn-ún. Mo sunkún, ìbínú ló pọ̀ jù nínú ẹkún náà.

Mo ní kí wọ́n pe mọlémọlé padà wá.

“Já a.”

“Ìyá, ọ̀gá á bínú.”

“Ta ló bí ọ̀gá?”

Ó já a.

Láti ọjọ́ yẹn, mi ò fo oògùn mọ́, ìbáà ṣe ọjọ́ òjò, ìbáà ṣe ọjọ́ Misa. Kí oṣù tó parí, mo tún rí kókósẹ̀ mi. Nọ́ọ̀sì wọ̀n mí, inú rẹ̀ dùn, ó ní kí ni mò ń jẹ. Mo ní kì í ṣe oúnjẹ, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni. Ó rò pé orí mi ti dàrú.

Ọmọ mi gbọ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn, ó wá. Ó dúró níwájú rẹ̀, ó wò ó títí.

“Mamá, kí ló dé?”

Mo ní, “Ẹni ọmọ sin ló bímọ, mo gbà. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ní kí ọmọ bẹ̀rẹ̀ kí ìyá tó parí.”

Ó jókòó, ó yọ awò ojú rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ọkùnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún. Ó ní nígbà tí wọ́n dá mi dúró sílé ìwòsàn lẹ́ẹ̀kejì, dókítà pe òun sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sọ ọ́ ní Faransé pé bóyá ni màá fi jẹ iṣu tuntun.

“Iṣu tuntun ọdún wo?”

“Ti èṣí, Mamá.”

Mo ti jẹ iṣu yẹn. Mo ti jẹ ẹ́ tán, mo sì ti ní kí wọ́n kọ ebè ti ọdún yìí sílẹ̀ dè mí, torí mo fẹ́ wà láàyè, ó wù mí. Ohun tó dùn mí ni pé ọmọ mi mọ̀ pé mò ń kú lọ, géètì ló sì wá sí i lọ́kàn. Kò wá sí i lọ́kàn kó wá jókòó tì mí.

Ó tọrọ àforíjì, mo sì fi ẹnu dárí jì í. Ní báyìí, ó ń wá ní gbogbo ìparí oṣù, ó ń ra èso wá, ó ń bi mí bí mo ṣe sùn. Ṣùgbọ́n tí mo bá ti gbọ́ ìró ọkọ̀ rẹ̀, màá yí àga mi sí i. Bó bá ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, ojú rẹ̀ ni mo máa ń tètè wò, nígbà tó bá kọ́kọ́ rí i pé mo ṣì wà níbẹ̀, kó tó rántí láti rẹ́rìn-ín.