Ọ̀gá Tí Kò Ṣeé Bá Wí

Kí ẹ̀rọ tó dé abúlé wa, ọwọ́ ni àwọn obìnrin ilé wa fi ń rin ẹ̀gẹ́. Wọn a fi ìṣó lu páànù títí gbogbo ara rẹ̀ yóò fi rí ṣóńṣó-ṣóńṣó, wọn a kàn án mọ́ pátákó, wọn a sì máa ha ẹ̀gẹ́ lára rẹ̀ láti àárọ̀ títí oòrùn yóò fi kan àtàrí. Nígbà tí mo wà ní yunifásítì, tí mo bá wálé fún ìsinmi, ẹ̀yìn ọwọ́ ni ìyàwó mi fi máa ń kàn mí lójú. Mo rò pé bí wọ́n ṣe ń ṣe ní ilé bàbá rẹ̀ nìyẹn. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ló le, pé kò fẹ́ kí ó ha mí lára. Ètò ọrọ̀ ajé ni mo ń kọ́ nígbà náà. Nínú gbogbo ìwé tí wọ́n ní kí a kà, kò sí èyí tó dárúkọ páànù oníṣó.

Nítorí náà, nígbà tí ẹgbẹ́ kan tó ń ran àgbẹ̀ lọ́wọ́ gbé ẹ̀rọ ìrin-ẹ̀gẹ́ wá láti Kútọnu fún àwọn obìnrin wa, inú mi dùn ju ti ẹnikẹ́ni lọ. Abúlé wa kò jìnnà sí Odomẹta, ilẹ̀ pupa ni, ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo ni iṣẹ́ wa. Àwọn tó gbé ẹ̀rọ wá ṣàlàyé pé kò tíì di tiwa. Bí gàrí kò bá pọ̀ sí i títí ẹ̀ẹ̀rùn ọdún kejì yóò fi parí, wọn yóò mú ọkọ̀ akẹ́rù wá, wọn yóò sì gbé e lọ sí Okpomẹta, abúlé tó wà nítòsí wa. Àwọn ará Okpomẹta gbọ́. Wọ́n ti ṣán ibi tí wọn yóò gbé e sí, wọ́n ti pa àtíbàbà lé e. Bí a bá pàdé wọn lọ́jà Kétu, wọn a máa béèrè àlàáfíà ẹ̀rọ náà lọ́wọ́ wa, bí ẹni ń béèrè àlàáfíà bàbá arúgbó tí òun yóò jogún rẹ̀.

Ẹgbẹ́ náà ní a gbọ́dọ̀ ní alábòójútó, ẹni tó mọ̀wé, tí wọn yóò máa fún ní ìdánilẹ́kọ̀ọ́, èyí tí gbogbo wa ń pè ní fọmasọ́n. A mú àbúrò mi, àbíkẹ́yìn bàbá wa. Ó ti ṣe akọ̀wé ní ọ́fíìsì ìjọba rí, ó sì ti fẹ̀yìn tì wálé. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Fún ìgbà díẹ̀, kí fọmasọ́n tó bẹ̀rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló ń ká ọwọ́ ẹ̀wù sókè, tí ó ń da epo gasóyì sínú ẹ̀rọ, tí ó ń bú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tó ń dún, tí ó sì ń bá àwọn obìnrin ṣeré. Gàrí pọ̀ nígbà náà. Mo máa ń rántí rẹ̀ bí mo ṣe ń rántí ìgbà èwe mi.

Ohun kan wà tí àwọn ará Kútọnu kò béèrè, tí àwa náà kò rántí sọ. Ní ilé wa, ọmọ tí obìnrin bá bá nínú ilé lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e níyàwó wọlé, ọkọ rẹ̀ ni, ìbáà jẹ́ ọmọ tó ń rákò. Kò ní pe orúkọ rẹ̀, kò sì ní bá a wí. Àbúrò mi yìí ń rákò nígbà tí ìyàwó mi dé. Òun ló ń pọ̀n ọ́n, òun ló ń wẹ̀ ẹ́, síbẹ̀ "Ọkọ mi" ló ń pè é títí di òní. Ẹ̀yìn ìyàwó mi ni gbogbo obìnrin yòókù wọlé. Nípa bẹ́ẹ̀, ọ̀gá tí a yàn fún wọn, ọkọ gbogbo wọn ni.

Ìlú Bohikọn ni wọ́n kọ́kọ́ mú un lọ fún fọmasọ́n. Ó padà wá pẹ̀lú fìlà, àpò àti ìwé fífẹ̀ kan tí ó lẹ̀ mọ́ ògiri ilé ẹ̀rọ. Òrùka ńlá kan wà lókè ìwé náà, ọfà pupa kan sì ń gòkè lọ síbẹ̀.

Mo bi í pé, "Kí lèyí?"

"Ẹ̀gbọ́n, àwa ni ọfà yẹn. Òrùka tó wà lókè ni ibi tí à ń lọ."

"Kí ló wà níbẹ̀?"

"Ìdàgbàsókè."

"Gàrí ńkọ́? N kò rí i nínú àwòrán."

"Gàrí wà nínú ọfà, Ẹ̀gbọ́n."

Láti ọjọ́ náà, ìpàdé di dandan láràárọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan ẹ̀gẹ́. Olúkúlùkù yóò dìde, yóò sọ ohun tí ó ń retí nínú iṣẹ́ ọjọ́ náà. Ìyàwó mi dìde, ó ní ohun tí ọkọ òun bá ń retí ni òun náà ń retí. Èkejì ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀kẹta ní bẹ́ẹ̀ ni. Àbúrò mi yọ̀ gan-an, ó ní wọ́n ní orúkọ fún irú nǹkan báyìí ní Bohikọn, pé ọkàn kan ni ó ń jẹ́.

Nígbà tí wọ́n tún mú un lọ, wọ́n kọ́ ọ pé ọ̀gá gidi kì í fi ohun èlò sílẹ̀ gbayawu. Ó ra àgádágodo, ó ti epo gasóyì mọ́ inú àpótí, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ sápò. Ìmọ̀ràn náà kò burú. Ibi tó burú sí ni pé nígbà tí ó bá ń lọ fọmasọ́n mìíràn, kọ́kọ́rọ́ a bá a lọ. Bí a bá sì wu ẹ̀gẹ́ tán, kò ní dúró de fọmasọ́n. Inú rẹ̀ a dúdú, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í rùn. Àwọn obìnrin a kó ohun tó kù jọ, wọn a sì tún gbé páànù sí ẹsẹ̀.

Mo bá a sọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni mí, mo lè sọ ọ́. Ó tẹ́tí sí mi títí mo fi parí, nítorí wọ́n ti kọ́ ọ bẹ́ẹ̀, lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ilé iṣẹ́ tí ẹ̀yin ti ṣe ọ̀gá ńkọ́? Níbo ló wà?"

Mo ti ṣe ọ̀gá ilé iṣẹ́ kan rí lẹ́yìn yunifásítì. Ilé iṣẹ́ ìjọba ni, ó sì ti wọlẹ̀ tipẹ́. Kì í ṣe àìkẹ́kọ̀ọ́ ló pa á. Ọdọọdún ni wọ́n ń kó àwa ọ̀gá lọ sí etí òkun lọ kẹ́kọ̀ọ́, a ó jẹ ẹja, a ó jiyàn lórí bí ilé iṣẹ́ yóò ṣe gbòòrò, títí ó fi kù àwa ọ̀gá nìkan níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí a jọ jẹ ẹja yẹn ti kú. Èèyàn rere ni wọ́n.

Nígbà tó yá, wọ́n kọ́ àbúrò mi pé ọ̀gá tó bá fẹ́ kí iṣẹ́ rẹ̀ dàgbà gbọ́dọ̀ jẹ́ kí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ sọ àléébù rẹ̀ lójú rẹ̀. Ẹgbẹ́ náà rán ọ̀dọ́mọbìnrin kan wá láti wo bí yóò ṣe lọ. Ó gbọ́ Faransé, ó gbọ́ Fọ̀n, kò gbọ́ Nàgó, èdè tiwa. Èmi ni wọ́n ní kí n máa túmọ̀. A jókòó yíká lábẹ́ igi máńgòrò, àbúrò mi wà láàárín bí ẹni tí wọ́n fẹ́ fá lórí.

Ọmọbìnrin náà ní, "Ẹ sọ òótọ́. Kò sí ẹni tí yóò bínú."

Ìyàwó mi kúnlẹ̀. "Ọkọ mi, àbíkẹ́yìn tó kún ilé. Ọmọ ẹni tó ro oko ẹ̀bá ọ̀nà kí ọ̀nà tó mọ̀ pé òun jẹ́ ọ̀nà. Ẹ kú iṣẹ́."

Ó gbà mí ní àkókò kí n tó rí ìyẹn sọ ní Faransé. Ọmọbìnrin náà kọ ọ́ sílẹ̀. "Àléébù rẹ̀ ńkọ́, màmá?"

Ìyàwó mi ronú. "Kì í jẹun dáadáa."

Obìnrin tó tẹ̀ lé e ní, "Ọkọ mi ti rù. Ìrìn àjò ti pọ̀ jù."

Ìyàwó ilé tó kéré jù, tí wọ́n gbé wá láti Kpankú lọ́dún tó ṣáájú, kúnlẹ̀, ó tẹrí ba bí ẹni fẹ́ fẹnu kanlẹ̀. Ó ní, "Ọ̀nà ń bà wá lẹ́rù fún ọkọ mi. Àwọn nǹkan wúwo tí wọ́n ń kó sápò lọ yẹn, ẹ jọ̀wọ́, kí wọ́n máa fi díẹ̀ sílé."

Ní ilé wa, ewúrẹ́ pàápàá gbọ́ ohun tí wọ́n wí. Bí obìnrin ṣe ń bá ọkọ wí nìyẹn: dúró sílé, fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀. Àbúrò mi dàgbà sínú ọ̀rọ̀ báyìí. Tẹ́lẹ̀ rí, kò ní jẹ́ kí ó kúrò lẹ́nu wọn tán kí ó tó mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ó ti kẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n ti kọ́ ọ láti máa gbọ́ kìkì ohun tí èèyàn bá sọ. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn nítorí ìlera rẹ̀ tí wọ́n ń rò.

Mo gbìyànjú. Mo sọ fún ọmọbìnrin náà pé, "Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ó ń rìn jù."

"Mo ti gbọ́, bàbá," ló wí. "A ó máa fi mọ́tò wa wá gbé e."

Bí wọ́n ṣe fi mọ́tò gbé e lọ Kútọnu nìyẹn, fún fọmasọ́n tó gùn ju gbogbo ti ìṣáájú lọ. Gàrí ti dínkù. Ẹgbẹ́ náà wo gàrí tó dínkù, wọ́n wo ọ̀gá tí gbogbo òṣìṣẹ́ ń yìn, wọ́n sì pinnu pé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni kò tíì tó. Wọ́n tún rán wa létí pé ọkọ̀ akẹ́rù ń bọ̀ bí ẹ̀ẹ̀rùn bá parí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan mo kọjá níbi tí àwọn obìnrin ti ń bó ẹ̀gẹ́. Ìyàwó mi fi àkísà wé ọwọ́ tí páànù ti ha, ẹ̀jẹ̀ sì ti là á já.

Ọ̀kan nínú wọn ní, "Bàbá, ẹ bá wa bá ọkọ wa sọ̀rọ̀."

"Mo ti bá a sọ ọ́."

"Kí ló wí?"

"Ó béèrè ilé iṣẹ́ mi."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gẹ́ fi bọ́ lọ́wọ́ ẹnì kan. Ìyàwó mi kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ̀rọ yìí ń lọ Okpomẹta. Ẹni tí ó di kọ́kọ́rọ́ mú, a kò lè bá a wí. Ẹni tí a lè bá wí ni kí ó dì í mú."

Gbogbo ojú yí sí ìyàwó kékeré tó ti Kpankú wá. Kò gbójú sókè. "Ẹ̀yin ìyá mi, kí ni mo ṣe?"

"O ò tíì ṣe nǹkan kan," ni ìyàwó mi dá a lóhùn. "Ṣùgbọ́n bí o bá ṣe é, wàá gbọ́ ọ."

Nígbà tí àbúrò mi wálé lópin ọ̀sẹ̀, mo sọ fún un pé ọ̀gá ńlá máa ń fi iṣẹ́ lé ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ tó kéré jù lọ́wọ́. Ojú rẹ̀ tàn. "Ẹ̀gbọ́n, èyí gan-an ni a wà lórí rẹ̀ ní Kútọnu." Ó pe gbogbo obìnrin jọ, ó gbé kọ́kọ́rọ́ sókè, ó sọ̀rọ̀ títí ọmọ fi sùn lẹ́yìn ìyá rẹ̀, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ lé ìyàwó kékeré lọ́wọ́ lórí ìkúnlẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọmọ náà mọ iṣẹ́ ọ̀hún. Ó da epo sílẹ̀. Ó jẹ́ kí bẹ́líìtì já. Ó rin ẹ̀gẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣáájú ti àwọn tó ti dé láti ìdájí. Ṣùgbọ́n kò sí èyí tí kò gbọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú.

"Ìyàwó, ṣé báyìí ni wọ́n ń to nǹkan ní Kpankú?"

"Ìyàwó, ojú tàbí ihò imú ni o fi ń wo epo?"

Òun a kúnlẹ̀, "Ẹ má bínú, ìyá mi." Lọ́jọ́ kejì, àṣìṣe yẹn a ti lọ, òmíràn a ti gba ipò rẹ̀, wọn a sì tún sọ ọ́. Nígbà tí ọyẹ́ fi mú dáadáa, wọn kò rí nǹkan gidi bá a wí mọ́. Bí ó ṣe ń wé gèlè ni wọ́n wá ń bá a jà sí. Gàrí kún ilé ẹ̀rọ débi pé a kò rí òrùka ìdàgbàsókè lára ògiri mọ́.

Ọkọ̀ akẹ́rù dé bí wọ́n ṣe wí, òfìfo. Ọ̀gá ẹgbẹ́ náà fúnra rẹ̀ bá a wá, àti ọmọbìnrin yẹn, àti àbúrò mi tó wọ bàtà tuntun. Ọkùnrin náà wo àpò gàrí láti ilẹ̀ dé àjà. Ó béèrè ẹni tó ń di kọ́kọ́rọ́ mú, ó ní ẹni náà gbọ́dọ̀ wá kẹ́kọ̀ọ́ ní Kútọnu, pé àyè ti wà fún un.

Mo túmọ̀ rẹ̀. Mo rí ìyàwó kékeré tó rọra ti kọ́kọ́rọ́ bọ ìdí ìró rẹ̀, mo sì rí ìyàwó mi tó ń wo ọkọ̀ akẹ́rù.

Ìyàwó mi kúnlẹ̀. "Ọkọ wa ni."

"Ọkọ wa ni," ni gbogbo wọn wí, wọ́n sì kúnlẹ̀. Ohùn ìyàwó kékeré ló lọ sókè jù.

Mo túmọ̀ ohun tí wọ́n sọ. Àbúrò mi kò jiyàn. Omi lé ròrò lójú rẹ̀, mo sì gbà pé ó dá a lójú. Ṣebí òun ló fi iṣẹ́ léni lọ́wọ́. Ọkùnrin náà bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó ní kò yẹ kí irú ọ̀gá báyìí mọ sí abúlé kan ṣoṣo, pé kí ó lọ máa kọ́ àwọn ẹlòmíràn. Wọ́n ní ẹ̀rọ ti di tiwa. Ọkọ̀ akẹ́rù yí padà, àpótí aṣọ àbúrò mi nìkan ló wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ilé ṣófo lójú mi lọ́jọ́ náà. Àbíkẹ́yìn bàbá mi ni, èmi àti òun nìkan ló kù. Ìyàwó mi gbé oúnjẹ wá, ó sì jókòó tì mí.

"Ibo ni wọ́n gbé ọkọ mi lọ?"

"Okpomẹta."

"Wọ́n ti fún wọn ní ẹ̀rọ ni?"

"Rárá. Wọ́n fẹ́ kọ́kọ́ kọ́ wọn bí a ṣe ń ṣe ọ̀gá rẹ̀."

Ó bu omi sí ife fún mi. "Àwọn obìnrin Okpomẹta," ló wí, "ọkọ wọn kọ́ ni."

"Kì í ṣe ọkọ wọn."

"Ẹ jẹun, Bàbá wọn. Wọ́n á kọ́ ọ."