Ẹrù Àlhájì Rájí Kò Ní Dé Àgbàlá

Bí o bá fẹ́ rí ìjà Motúnráyọ̀, gbálẹ̀ dè é. Ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Tafo, ní Kumasi, ni. Iṣẹ́ rẹ̀ ni títún yàrá tí ògiri rẹ̀ ti hunsu ṣe, èyí tí òjò ti jò sí títí tó fi dúdú. Àwọn onílé a máa gbálẹ̀ dè é bí àlejò, ìgbálẹ̀ gbígbẹ a sì fọ́n ìhunsu náà ká gbogbo ilé. "Ta ló ní kẹ́ ẹ gbálẹ̀?" ni kíkí tirẹ̀. Àmọ́ ó mọ iṣẹ́ o, òun náà sì mọ̀ pé òun mọ̀ ọ́n.

Yàrá Àlhájì Rájí ló fẹ́ bá a fínra. Bàbá náà ò rí èémí mí dáadáa mọ́, dókítà sì ti ní ògiri yẹn ló ń pa á lọ. Motúnráyọ̀ pa fáànù, ó fi ọ̀rá bo fèrèsé.

"Bàbá, ó ku ẹrù. Gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ jáde sí àgbàlá kí n tó fọwọ́ kan ògiri."

"Ẹrù mi ò ní jáde. Bó bá jẹ́ ikú ni, kó wá bá mi níbí."

Inú ti ń bí Motúnráyọ̀ kí Bàbá tó là á yé e. Lọ́dún 1969, nígbà tí ìjọba ní kí àwọn àjèjì kúrò ní Ghana, ọmọdé ni Bàbá. Ojú rẹ̀ ni wọ́n ṣe kó ẹrù bàbá rẹ̀ síta ní Tafo yìí kan náà, tí àwọn aládùúgbò ń ná bẹ́ẹ̀dì tí ìyá rẹ̀ ṣì jókòó lé. Àánú Bàbá ṣe Motúnráyọ̀, kò jiyàn mọ́.

Ó kọjá sí yàrá kejì, ó ní, "Agoo." Abena, obìnrin Àṣáńtì tó ń ta aṣọ ní ọjà Kejetia, ló ń gbébẹ̀. Motúnráyọ̀ fi Twi bẹ̀ ẹ́ pé kó gba ẹrù Bàbá sí yàrá rẹ̀, pé àkísà tó rin lòun máa fi nu gbogbo ẹrù kó tó wọlé, pé mátíréèsì tó ti hunsu nìkan lòun máa dì sínú ọ̀rá lọ sí ààtàn. Abena ò tilẹ̀ jẹ́ kó sọ ọ́ tán tó fi sún àga rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tó sì wá dúró lẹ́nu ọ̀nà Bàbá.

"Paapa, ẹ kó ẹrù yín wá sọ́dọ̀ mi."

Bàbá nawọ́ sí kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀. Nígbà tí Motúnráyọ̀ nu kọ́bọ́ọ̀dù tán, Bàbá fúnra rẹ̀ di igun kan mú, Abena di ìkejì, wọ́n gbé e wọlé. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe títí yàrá fi ṣófo.

"Ṣé kò há mọ́ ọ báyìí?" Bàbá bi Abena.

"Ó há kẹ̀? Paapa, ilé yín nìyí."

Motúnráyọ̀ gbọ́ ọ láti ẹnu ilẹ̀kùn tó ń lẹ ọ̀rá mọ́, orí rẹ̀ sì wú.